Fíìmù tí Mo Mú Màámi Lọ Wò ní Ọ̀yọ́

                                        Ilé Bàbá Díákónì,
                                        Ẹ̀yìn Ọjà Igbó,
                                        Ògbómọ̀ṣọ́,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹjọ, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ìyá Tómisìn,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú òjò, nítorí mo gbọ́ pé ti Abidjan kì í dá bọ̀rọ̀. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Bàbá Tómisìn ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti rọlẹ̀? Olúwatómisìn ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ Yorùbá dáadáa báyìí, àbí Faransé ló ṣì fi ń dá Màámi lóhùn? Ọjà yín ńkọ́? Mo bẹ Ọlọ́run pé kí ó máa ṣọ́ gbogbo yín ní ilẹ̀ onílẹ̀, kí a má tún gbọ́ ìbànújẹ́ ara wa mọ́. Èyí tí a gbọ́ ti tó wa.

Ní tiwa níbí, a wà láàyè. Màámi ń jẹun. Mo kọ ìyẹn síwájú nítorí mo mọ̀ pé òun ni ẹ máa fẹ́ mọ̀ kí ẹ tó ka ohun mìíràn. Wọn kò dùbúlẹ̀ àìsàn, wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ń bá mi sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n ń bá mi sọ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti pè yín títí. Ó ń dún, ẹ kì í gbé e. N kò bá yín jà sí i. Mo mọ̀ pé Bàbá Àlàmú ti sọ fún yín pé mo mú ìyá lọ wo òkú ọmọ rẹ̀. Àbúrò bàbá wa ni wọ́n, wọn kò sì purọ́ mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹni tí inú ń bí kì í ro ẹjọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tó ti dùn ún ni ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà. Raliat tó ń ta aṣọ lọ́jà wa ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́sẹ̀ yìí, òun ni yóò mú un wá. Bí ẹ bá fi ìbínú jù ú sílẹ̀, ẹ ṣì lè padà mú un.

Ẹ rántí ohun tí ẹ sọ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ polówó fíìmù tí Ṣògo àbúrò wa kópa nínú rẹ̀. Ẹ ní, "James, n ò ní kí ìwọ má wò ó o. Màámi ni n ò fẹ́ kí wọ́n wò ó. Má jẹ́ kí wọ́n tilẹ̀ gbọ́ orúkọ ẹ̀." Mo béèrè ìdí, ẹ ní kí n ṣáà ṣe bí ẹ ti wí. Mo sì dáhùn pé ó ti parí. Kò parí. Èmi ni mo ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́, n kò sì ní ẹni tí n ó tì í sí lọ́rùn.

Ẹ̀yin kò sí nílé nígbà tí wọ́n sin Ṣògo, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún àwa tí a wà nílé. Bí wọ́n ti gbọ́ pé ọkọ̀ tó ń gbé e bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù náà ti forí sọ tírélà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, kíá ni wọ́n mú Màámi lọ sí ilé Ìyá Ràmọ́tà aládùúgbò wa, kí òkú tó wọ ìlú. Òbí kì í rí òkú ọmọ, kì í sì í mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Èmi náà, nítorí pé ẹ̀gbọ́n ni mo jẹ́ fún un, wọ́n ní kí n jókòó ti Màámi. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti Mubaraq ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n lọ sin ín. Wọ́n fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lẹ́yìn ilé kí wọ́n tó wọlé, ẹnikẹ́ni kò sì bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti ń bọ̀. Mo mọ̀ pé nítorí ojú ìyá ni àwọn àgbà fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò rí òkú rẹ̀, ṣe ló ń dà bí ẹni tó rìnrìn àjò. Bí géètì bá dún nírọ̀lẹ́, Màámi á gbójú sókè. Èmi náà á gbójú sókè. Àwa méjèèjì á wá máa ṣe bí ẹni pé a kò rí ara wa.

Lọ́jọ́ kan lóṣù tó kọjá, Màámi ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ ni wọ́n sọ fún mi pé àwọn kò rántí ohùn Ṣògo mọ́. Wọ́n ní, "Mo rántí ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ. Bó ṣe máa ń dún gan-an ló ti lọ lọ́kàn mi." Mo wá inú fóònù mi títí. Fọ́tò ni mo rí, kò sí ohùn rẹ̀ níbẹ̀. Fóònù tirẹ̀, ẹ mọ̀ pé ó fọ́ pẹ̀lú ọkọ̀.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni Mubaraq yà sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Takie. Ó ní wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ fi fíìmù náà han àwọn ará Ọ̀yọ́ nínú gbọ̀ngàn kan, nítorí igbó tó wà lẹ́yìn ìlú wọn ni wọ́n ti yà á. Ẹ mọ̀ pé òun náà wà nínú rẹ̀. Mo bi í pé, "Ṣé Ṣògo sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

"Sọ̀rọ̀ kẹ̀? Ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó tilẹ̀ pa wọ́n lẹ́rìn-ín."

N kò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mubaraq náà kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò mọ̀ pé Màámi ni mo fẹ́ mú lọ. Mo ti ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé nítorí kí Màámi lè gbọ́ ohùn ọmọ wọn ni mo ṣe ṣe é. Ẹ̀yin ni n ó sọ òótọ́ fún. Èmi náà fẹ́ rí i.

Inú ọkọ̀ ni mo ti sọ ibi tí à ń lọ fún Màámi. Mo ní, "A ń lọ wo Ṣògo nínú fíìmù." Wọ́n tú gèlè wọn, wọ́n tún un wé dáadáa, bí ẹni tó ń lọ sí ibi ọ̀wọ̀. Nígbà tí a ń súnmọ́ ibi tí ọkọ̀ ti dànù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ nípa fíríìjì oníbàárà kan tí mo ń tún ṣe, mo ń sọ ọ́ lọ láìsinmi. Màámi gbọ́ ọ díẹ̀, wọ́n wá ní, "James, sinmi ọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ nìyí."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí fíìmù náà ṣe rí, kí ẹ má bàa rò pé nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo fi ń bú u. Ó dára, ẹ̀gbọ́n mi. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Ìbá ṣe pé kò dára ni, à bá ti dìde lọ sílé.

Ìgárá Odò Ọbà ni wọ́n pè é. Ayé àwọn bàbá bàbá wa ni wọ́n gbé e sí, nígbà tí àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti ìdálẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí. Àwọn ìgárá kan ń dá wọn lọ́nà létí odò. Olórí wọn ni olórí àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ìlú gan-an. Bí àwọn tí wọ́n jà lólè bá sunkún wọ ìlú, òun ló ń bá wọn kẹ́dùn, òun náà ló ń ṣèlérí fún ọba pé ọwọ́ yóò tẹ àwọn olubi náà. N kò mọ̀ bóyá irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ rí. Àwọn tó ṣe é náà kò sọ pé ó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ṣe olórí ìgárá yẹn mọ iṣẹ́. Kì í pariwo. Bí ó bá fẹ́ pa ènìyàn, ṣe ni á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, á kí i pé, "Ẹ kú ìrìn o." Ìkíni yẹn ṣì ń dẹ́rù bà mí. Oníbàárà kan kí mi bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ṣe ni mo ta gìrì.

Yorùbá tí wọ́n sọ níbẹ̀ dùn létí, kò sí àdàlù Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ya igbó àti odò náà tó fi dà bí ẹni pé a ń gbóòórùn ewé. Àṣìṣe wà níbẹ̀ o. Ìgárá kan gbàgbé aago sí ọrùn ọwọ́. Ìyàwó ọba sì ró ànkárá kan báyìí, Màámi bá tẹ̀ sí mi létí, wọ́n ní, "Èyí tí Ràmọ́tà rà ní Iléyá tó kọjá nìyí o. Ta ló tà á fún wọn láyé ìgbà yẹn?" Mo rẹ́rìn-ín. Àwọn náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí a ti jọ rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀, mo sì sọ lọ́kàn mi pé, Àbí o rí i, James, ohun rere lo ṣe yìí.

Ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ni ó pọ̀ jù. Wọn kì í kàn pa ènìyàn kí wọ́n kọjá lọ. Wọ́n á mú ẹ̀rọ ayàwòrán súnmọ́ ọgbẹ́ náà, wọ́n á dúró tì í bí ẹni pé a kò tíì rí i tó. Bí a bá ti mọ̀ pé wọ́n pa ènìyàn, tí a sì rí ojú ìyàwó rẹ̀, ṣé kò tó ni? Àwọn obìnrin kan tó jókòó níwájú wa dìde, wọ́n jáde. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn wa ń ṣàtẹ́wọ́ ní tiwọn. Inú bí mi sí wọn. Mo bojú wẹ̀yìn wò wọ́n bí tíṣà.

Ṣògo jáde. Ìgárá lòun náà, ṣùgbọ́n ó ṣe bí alárù, ó ń bá ìyá oníṣòwò kan tó pọnmọ gbé ẹrù. Ó sọ ẹrù náà kalẹ̀, ó nu ojú, ó ní, "Ìyá, kí lẹ dì síbí? Ṣé òkúta ni, àbí ọkọ yín lẹ dì mọ́ ọn?" Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi, òun gan-an ni. Bó ṣe máa ń gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan sókè bó bá fẹ́ yẹ̀yẹ́ ènìyàn, òun náà nìyẹn. Màámi di ọrùn ọwọ́ mi mú pinpin. Wọ́n ní, "Ohùn ẹ̀ nìyẹn. Ohùn ẹ̀ nìyẹn, James. Ó tilẹ̀ ń wúkọ́. Ta ló ń fún un lóògùn níbẹ̀?"

Ìbá ṣe pé mo mú wọn jáde nígbà yẹn! Ohun tí a wá gbọ́, a ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n èmi náà kò fẹ́ lọ mọ́.

Àwọn ìgárá náà pa ìyá oníṣòwò yẹn. N kò ní sọ bí wọ́n ṣe pa á. Ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń ké, wọ́n sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n lọ. Láti ìgbà yẹn ni inú gbogbo wa ti yí padà nínú gbọ̀ngàn. A kò fẹ́ ìdájọ́ mọ́, ẹ̀jẹ̀ ni a ń fẹ́. Ìyẹn ni mo fi sọ pé ó dára, tí mo tún sọ pé kò dára. Fíìmù náà mọ bí a ṣe ń sọ ẹni jẹ́jẹ́ di ẹlòmíràn lórí àga. Nígbà tí àwọn ará ìlú mú ọ̀kan nínú àwọn ìgárá náà, tí wọ́n ń fi kùmọ̀ lù ú nínú ẹrẹ̀, gbọ̀ngàn ń hó. "Ẹ pa á! Ẹ má jẹ́ ó lọ!" Mo dìde dúró. Èmi, James, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bojú wo àwọn ọmọ ẹ̀yìn pé wọn kò lẹ́kọ̀ọ́. Mo ń ju ọwọ́, mo ń kígbe pé, "Ẹ fọ́ orí ẹ̀!"

Màámi fa ẹ̀wù mi. Wọ́n ní, "James, jókòó. Àbúrò ẹ ni."

Ẹrẹ̀ ti bo ojú rẹ̀, n kò mọ̀ ọ́n. Màámi ní láti ìgbà tó ti ń sá bọ̀ ni àwọn ti fi ẹsẹ̀ dá a mọ̀. Nítorí náà, ní gbogbo ìgbà tí mo ń kígbe yẹn, wọ́n mọ ẹni tí mo ń kígbe lé lórí.

Wọ́n lù ú pa nínú fíìmù náà, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní. Ẹ̀rọ náà tún dúró tì í bó ti máa ń dúró. Mo fi ọwọ́ bo Màámi lójú, wọ́n mú ọwọ́ mi kúrò. Màámi wò ó títí tí àwọn ará ìlú fi ká ẹní náà bò ó, tí àwọn ọkùnrin gbé e wọ igbó lọ. Wọn kò sunkún. Mo wá mú wọn dìde, a jáde. N kò mọ bí fíìmù náà ṣe parí. Ẹlòmíràn ni yóò sọ fún yín bóyá ọwọ́ tẹ olórí ìgárá náà.

Mubaraq bá wa níta. Ó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá," kó tó wá wo ojú mi, tó sì yé e. Màámi kò kí i padà. Wọ́n ní, "Mubaraq, ṣé ó dùn ún?"

"Kí ló dùn ún, Màmá?"

"Igi tí wọ́n fi ń lù ú."

"Háà, Màmá! Fóòmù ni igi yẹn o. Tìmùtìmù ni wọ́n gé, tí wọ́n kùn lọ́dà. Bí ẹ bá fi lu adìyẹ, adìyẹ á máa rẹ́rìn-ín ni."

Ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà tù wọ́n lára, ó bá ń bá a lọ. Ó ní nígbà tí ọ̀gá wọn kígbe "Kọ́ọ̀tì!", pé kí ẹ̀rọ dúró, tí gbogbo ènìyàn dìde, Ṣògo kò dìde. Wọ́n pè é títí. Àṣé ó ti sùn lọ fọnfọn lórí ẹní, ó ń hanrun. Mubaraq ló ta omi sí i lójú. Ó jí, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ̀wà mi dà?"

Màámi ní, "Ṣé ó rí i jẹ?"

"Ó jẹ tirẹ̀, ó tún jẹ tèmi, ó fi búrẹ́dì nu abọ́!"

Ẹ̀gbọ́n mi, Màámi rẹ́rìn-ín. Níwájú gbọ̀ngàn yẹn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú wọn, wọ́n ní kí Mubaraq tún ibi tó ti ń hanrun sọ. Ó tún un sọ. Ká ní ó dákẹ́ síbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ náà fẹ́ fi adùn kún un. Ó ní, "Ló bá tẹ Àǹtí Abigail láago, ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti kú lónìí o, mo sì ti jí.' Ó wá ń bẹ gbogbo wa kiri: 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Màámi o. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí mo bá fi ṣe òkú fún àwọn onífíìmù, kí n má wọlé àwọn mọ́.' A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí tó fi wọkọ̀ lọ sílé lọ́jọ́ kejì."

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti tán.

N kò mọ̀ pé Màámi sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún un nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fíìmù. Irú ọ̀rọ̀ tí ìyá fi ń dẹ́rù ba ọmọ ni, ta ni wọn kò sọ ọ́ fún rí? Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tó tẹ̀ láago ti mọ̀, ẹ sì mọ̀ pé ó ti ṣe òkú náà kó tó wọkọ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ìdí tí ẹ fi ní kí n pa fíìmù náà mọ́ fún wọn. N kò bi yín pé kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi. Mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín ru ẹrù yẹn. Èmi ni mo lọ gbé e lé Màámi lórí.

Títí a fi dé Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Màámi sọ. Wọ́n ní, "Mo ní kó má wọlé mi. Kò sì wọlé mi."

Bàbá Àlàmú gbọ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Wọn kò tíì bọ́ agbádá ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi dé ilé wa. Wọ́n ní, "James, ìwọ tó kàwé, kí lo kà níbẹ̀? Ohun tí gbogbo ẹbí fi aṣọ bò, ìwọ lo lọ tan tọ́ọ̀ṣì sí i fún ìyá ẹ!"

Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Fíìmù ni, kì í ṣe òkú rẹ̀ gan-an."

"Ta ló wà lórí ẹní? Ṣé ará ilé kejì ni?"

Ìbéèrè yẹn ni mo ń gbé sùn títí di òní.

Láti ọjọ́ yẹn ni Màámi ti ń béèrè ohun kan ṣoṣo. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí a sin Ṣògo sí. Wọn kò fi igbe béèrè. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀... ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ti ń dọ̀bálẹ̀ mo sì ń kúnlẹ̀ báyìí nítorí ohun tí mo ṣe. Bí mo bá kí wọn, wọ́n á dáhùn, wọ́n á ní, "James, ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́. Ẹnu mi náà ni mo fẹ́ fi gbà á padà. Ẹ mú mi lọ síbi tó wà." Pásítọ̀ wá bá wọn gbàdúrà, wọ́n ní Ọlọ́run kì í torí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pa ọmọ ẹni. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Màámi náà ní àwọn gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣe àmín. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kì í ṣe Ọlọ́run ni àwọn fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Bàbá Àlàmú ní èèwọ̀ ni, abiyamọ kì í dúró lórí sàárè ọmọ. Wọ́n ní, "Ìyá Abigail, ẹ sọ ọ́ nínú yàrá yín. Ibi yòówù tó bá wà, á gbọ́."

Màámi ní, "Ọkọ mi, bí ẹ bá ṣẹ ènìyàn, ṣé ilé yín lẹ ti máa ń bẹ̀ ẹ́?"

Bàbá mú fìlà wọn, wọ́n lọ. Àmọ́ lánàá wọ́n padà wá, ohùn wọn sì ti rọ̀. Wọ́n ní ẹ̀yin ni àkọ́bí, láti ìgbà tí Bàámi sì ti kú, kò sí ohun tí wọ́n ṣe nílé yìí láìgbọ́ tẹnu yín. Bí ẹ bá fi ẹnu ara yín sọ pé kí Màámi lọ, àwọn kò ní dí wọn lọ́nà, Mubaraq á ṣáájú. Bí ẹ bá sì sọ pé rárá, kí ẹnikẹ́ni má dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́.

Mubaraq ti wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù pé bí mo bá fẹ́, òun lè mú èmi àti Màámi lọ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Mo kọ̀. Kì í ṣe pé mo di ọmọ rere. A ti fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ara wa tó nínú ẹbí yìí, ẹ sì rí ibi tó gbé wa dé. Ṣògo pa á mọ́ fún Màámi, ẹ̀yin pa á mọ́ fún mi, èmi pa tèmi mọ́ fún yín. Gbogbo wa, ìfẹ́ ló mú wa ṣe é.

Èrò tèmi, bí èrò mi bá ṣì níye lórí lójú yín, ni pé kí wọ́n lọ. Ohun tí èèwọ̀ náà ń dá dúró ni pé kí ojú ìyá má rí i. Ojú wọn ti rí i, èmi ni mo fi hàn wọ́n. Ohun tó kù ni kí ẹnu wọn sọ ohun tó fẹ́ sọ. Bí ẹ bá sì rí i lọ́nà mìíràn, ẹ̀gbọ́n ni yín, n kò ní jiyàn.

Àwọn ènìyàn ń bi mí ní Takie pé ṣé kí àwọn lọ wo fíìmù náà, nítorí wọ́n mọ̀ pé àbúrò mi wà níbẹ̀. N kì í mọ ohun tí n ó sọ. Mo máa ń ní ó dára, kí wọ́n má mú ọmọdé lọ. N kì í lè sọ èyí tó kù fún wọn, pé mo jókòó síbẹ̀, mo sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fọ́ orí ènìyàn nígbà tí n kò tíì rí ojú rẹ̀. Mo ń gbọ́ ohùn ara mi báyìí ju ohùn Ṣògo lọ.

Ràmọ́tà kí yín, ó ti bí, obìnrin ni. Ìyá rẹ̀ náà kí yín. Ẹ bá mi kí Bàbá Tómisìn dáadáa, kí ẹ sì sọ fún Tómisìn pé mo ń kí i ní Yorùbá. Màámi rí mi níbi tí mo ti ń kọ̀wé yìí, wọ́n bi mí pé ta ni mò ń kọ ọ́ sí. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní, "Sọ fún Abigail pé inú ò bí mi sí i rárá pé ó mọ̀ tí kò sọ. Èmi náà ì bá má sọ ọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bínú sí mi títí di ìgbà tó bá wù yín. Ẹ má tíì pè mí bí kò bá wù yín. Màámi ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ sọ fún wọn. Bí ó bá sì jẹ́ rárá, mo bẹ̀ yín, ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́ fún wọn. Ẹ má rán mi sí wọn.

                                        Èmi tí mo ṣẹ̀ yín, tí mo sì jẹ́ tiyín síbẹ̀,
                                        James, àbúrò yín.